Àwọn Èrò Tí Kì Í Mí

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tọkàntọkàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó tún jí wa rí òní.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà. Àbúrò ló ṣe ìkànnì tí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn kan yóò ti máa gba àyè láti rí dókítà. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ni láti mọ iye èèyàn tí ìkànnì lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà kó tó dákú. Yóò pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò sì ṣe bí ẹni pé èrò ń rọ́ wọlé, tí wọ́n ń tẹ ibí, tí wọ́n ń tẹ ọ̀hún.

Ọ̀gá wọn kì í pe àbúrò lórúkọ mọ́. Ọwọ́ Wúrà ló ń pè é. Ẹ̀gbọ́n tó mú un wọ iṣẹ́, “ìwọ” lásán ló ń jẹ́. Nígbà tí ọ̀gá wá ní bí ìkànnì náà bá yege, Ọwọ́ Wúrà ni yóò di olórí wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Èèyàn gidi tó bá ṣí ojú ewé a kọ́kọ́ kà á, a mí, kó tó tẹ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi máa ń fún àwọn èrò àfarawé rẹ̀ ní ìsinmi díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán ìkànnì àbúrò wò, ó yọ ìsinmi náà kúrò. Kò pẹ́, ìkànnì dákú. Ọ̀gá ní òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Àbúrò kò jiyàn. Ó fa àga sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ti wò ó títí, òun ò rí àléébù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Bí ẹ bá ní kò dáa, mo gbà. Ojú yín ni mo fi ń ríran níbí.”

Inú tilẹ̀ tún bí ẹ̀gbọ́n sí i, pé ọmọ yìí tún mọ ìwà í hù ju òun lọ. Síbẹ̀, ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá.

“Ìkànnì yẹn ò lẹ́bi, sà. Èmi ni mo ní kí àwọn èrò àfarawé máa tẹ̀ ẹ́ láìsinmi. Èèyàn ẹlẹ́ran-ara kì í tẹ nǹkan bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀gá bi í pé kí ló fà á.

“Owú ni, sà.”

Wọ́n dá ìsinmi padà, wọ́n tún dán an wò. Ìkànnì gba èrò ju iye tí ilé ìwòsàn béèrè lọ. Wọ́n fi àbúrò jẹ olórí, wọ́n sì gba iṣẹ́ ìdánwò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí gbogbo ọ́fíìsì ń kí Ọwọ́ Wúrà, owú ṣì ń jó ẹ̀gbọ́n láyà. Ó ń gbàdúrà nínú ọkàn pé kí owú náà kúrò, ó sì ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ògo ọmọ ìyá yín di egbò lọ́kàn yín. Bí ó bá sì ń ta yín, kí Ó fún yín lágbára láti sọ òtítọ́.