Bẹ́ẹ̀ni Tèmi, Kì í Ṣe ti Kọ́ìnì

Èmi kì í tètè dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n obìnrin tó wá fi ìbéèrè kà wá ní àdúgbò wa, ọpẹ́ rẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu mi.

Ìjọba ló rán an. Wọ́n fẹ́ mọ iye ènìyàn tó ń lo áìsì, oògùn olóró tó dà bí gíláàsì tó fọ́, àti iye àwọn tí kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Wẹ́dà ni mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fà á kí n lè máa jó irin láìsinmi. Àbúrò ìyàwó mi ti sọ lójú gbogbo ẹbí pé ojú mi ti di ojú àwọn tó ń fa áìsì. Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá jẹ́wọ́, òun ló borí. Ó sàn kí eyín mi kán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì sì ti kán.

Ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní oògùn kọ́ ló ń lé òun lọ, irọ́ ni. Ó ti di ẹrù tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ.

Obìnrin oníbéèrè náà jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó na kọ́ìnì kan sí mi.

"Ẹ jù ú, ẹ má fi hàn mí. Bí orí bá yọ, ẹ ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ni, ohun yòówù kí n bi yín. Bó bá jẹ́ ojú kejì tí nọ́ńbà wà, ẹ sọ òótọ́."

"Ṣé tẹ́tẹ́ la fẹ́ ta ni?"

"Rárá, Bàbá. Kí n má baà mọ àṣírí yín ni. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá jù ú, nǹkan bí àádọ́ta ló máa rí orí. Bí ọgọ́ta bá wá sọ pé bẹ́ẹ̀ni, a mọ̀ pé nínú àádọ́ta tó kù, mẹ́wàá ń lò ó. Ta ni wọ́n? A ò mọ̀. Iye wọn la mọ̀."

Ó bi mí bóyá mo lo áìsì láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Mo ju kọ́ìnì sínú ìbòjú iṣẹ́ mi. Orí.

"Bẹ́ẹ̀ni," mo ní.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Inú bí mi.

"Dúró ná. Ti kọ́ìnì lo kọ yẹn. Tèmi ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi!"

"Jẹ́ kí n tún un jù."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Àbí ẹ máa ń dìbò lẹ́ẹ̀mejì?"

"Mo wá jókòó síbí gbọingbọin, o ò sì kà mí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè kan ṣì kù, Bàbá. Ṣé ẹ ti gbìyànjú rí láti fi í sílẹ̀, tí kò ṣeé ṣe?"

Mo jù ú. Nọ́ńbà.

Mo wo nọ́ńbà yẹn títí. Àna mi ò sí níbẹ̀ tí yóò fi yọ̀ mí. Obìnrin yìí pàápàá kò lè mọ̀. Mo rántí òwúrọ̀ mẹ́ta tí mo dà á sí ṣáláńgá, àti ọ̀sán mẹ́ta tí mo lọ ra òmíràn.

"Bẹ́ẹ̀ni."

Bó bá gbọ́ bí ohùn mi ṣe yí padà, kò jẹ́ kó hàn lójú. Ó fún mi ní ìwé pélébé tí wọ́n ń fún gbogbo ilé, tí àdírẹ́sì ilé ìtọ́jú wà lára rẹ̀, ó sì kọjá sí ilé kejì.

Ẹnu mi ti la ọ̀nà. Mo wọlé, mo bá ìyàwó mi níbi tó ti ń ká aṣọ tó kù.

"Ìyá àwọn ọmọ, mò ń lò ó. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀, kò ṣeé ṣe."

Ó gba ìwé pélébé náà lọ́wọ́ mi, ó rọra jókòó sórí ẹrù náà.

"Ẹ ṣeun," ló wí.

Èmi tí mo purọ́ fún un fún ọdún mẹ́ta, òun ló tún ń dúpẹ́! Mi ò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí.

"Ẹ wọ bàtà yín, bàbá wọn," ló ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìtọ́jú náà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."