Àwọ̀ Tó Ń Parẹ́

Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ sí etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó ki apá bọ omi dé ìgúnpá, nítorí omi òkè kì í sọ òótọ́. Ó bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé ìlà, ó kán oògùn tó máa ń pọ́n bí kiloríìnì bá wà nínú omi sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó mì ín. Ó pọ́n wìì, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú, ó sì tún mọ́ gaara bí omi òjò.

"Òfo náà nìyí," ni ó sọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí kò rí kiloríìnì kankan nínú omi náà.

Iyọ̀ ni wọ́n dà sínú adágún yìí. Ẹ̀rọ kan wà lára páìpù rẹ̀ tó ń fi iná mànàmáná sọ iyọ̀ náà di kiloríìnì, kí ó lè pa kòkòrò inú omi. Ọkùnrin yìí, tí àdúgbò ń pè ní Dókítà Omi, kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló tú palẹ̀ kí ó tó yé e. Ó ti yí ẹ̀rọ náà dé òpin agbára rẹ̀, ó sì tún ń da kiloríìnì inú kẹ́ẹ̀gì kún un. Òfo ṣáá ni. Nígbà tí Ìyá Àgbà tó ni ilé bi í pé kí ló ń jẹ kiloríìnì òun, ó wá nǹkan sọ. Ó ní bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ni, pé òun fojú ara òun rí i tó ń fọ garawa ajílẹ̀, tó máa ń jẹ kiloríìnì, sínú omi. Garawa lásán ló rí, létí omi. Láti ìjẹta ni Ìyá Àgbà ti ní kí bàbá náà máa lọ lónìí.

Bàbá ń di àdá àti ọkọ́ rẹ̀ sínú àpò lábẹ́ igi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà."

"Ẹ ṣeun, Bàbá." Kò lè gbójú sókè.

"Mò ń lọ, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ Ìyá tó wà lórí okùn yẹn, ó dúdú bí aró nígbà tí wọ́n rà á. Ó ti di aláwọ̀ eérú. Bí omi yìí kò bá lágbára, kí ló mú un ṣá?"

"Oòrùn ni."

"Oòrùn èṣí ńkọ́, ṣé ìsinmi ló lọ?" Bàbá gbé àpò kọ́ èjìká, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ láti kó bàtà rẹ̀.

Dókítà wo aṣọ náà. Ó wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. Pupa tó yọjú wìì yẹn! Ó bu omi adágún ìwọ̀n kan, ó fi omi mímu ìwọ̀n mẹ́rin là á, ó kán oògùn sí i. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò sì parẹ́.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Kiloríìnì kò tán. Ó pọ̀ débi pé ó ń jẹ àwọ̀ oògùn náà bó ṣe jẹ àwọ̀ aṣọ. Bó ṣe ń rí òfo ló ń dà kún un. Lọ́jọ́ mìíràn, irú ìmọ̀ báyìí ì bá mú un fò sókè. Lónìí, ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí.

Ó lè pa ẹ̀rọ náà, kí ó ṣí omi sílẹ̀ títí oòrùn yóò fi jẹ àpọ̀jù náà. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Yóò tiẹ̀ dà bíi pé lílọ bàbá ló tún omi ṣe.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà tó jókòó sórí àga, ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí bàbá lọ. Èmi ni mo ba omi jẹ́."

"Ìwọ kọ́ lo ní o fojú rí i?"

"Mi ò rí i. Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn. Ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ ohun tó ń ṣe omi."

Ìyá Àgbà họ apá. "Gbogbo ara tó ń yún mi látinú omi yìí, òun ni mo ń bú nítorí rẹ̀. Ẹni tó lè bí ọ! Dìde níwájú mi. Èmi kọ́ lo máa bẹ̀."

Ó bá bàbá lẹ́nu géètì, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó rò ó fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́.

Bàbá sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi gbọ́, ó pè mí lánàá. Ó ní, 'Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni?' Kí ni kí n wá sọ fún un?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un fúnra mi."

Bàbá tẹ nọ́ńbà, ó na fóònù sí i. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ti sọ ọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́ sí etí ọmọ tí kò rí rí.

Dókítà pa ẹ̀rọ náà, ọjọ́ mẹ́rin ni oòrùn fi jẹ àpọ̀jù kiloríìnì náà. Ó wá da ásíìdì díẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí omi adágún máa ta ni lójú, sínú garawa omi; kò da omi lé ásíìdì, nítorí ìyẹn a máa ta sí ojú èèyàn. Ó sì rọra wọ́n ọn yí etí adágún ká. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó kán oògùn. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ka ení dé ọgọ́ta, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà di irin àtẹ̀gùn mú, ó wọ inú omi. "Kò ta mí lójú o!" ni ó ké láti àárín adágún.

"Mú un wá kí n wò ó," ni bàbá, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wí. Ó gba ìgò náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fi wé páálí àwọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n kiloríìnì. "Ìkejì láti òkè."

"Ìkejì ni, Bàbá. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá tún wò ó. Mi ò ní gba ẹnu rẹ gbọ́."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé, ó na bírò sí i. Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fọwọ́ sí i.