Omi Tó Yẹ Kí N Dà Nù

Ọjọ́ tí wọ́n máa gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí wa nílùú Lund, inú ń bí mi láti àárọ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni èmi Sixten fi ń fọ ìgò fún Ọ̀gá Ingegerd, a ò rí nǹkan kan mú jáde. Ọjọ́ kejì ló sì máa fẹ̀yìn tì.

Ẹ́ńsáìmù kan ló ń wá, èròjà inú ara ènìyàn tó ń gé ọ̀rá kan wẹ́wẹ́ kó má baà dì sínú ọpọlọ. Alvar àbúrò rẹ̀ ò ní in látinú oyún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló kú. Ingegerd wá mú jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí ara wa fi ń ṣe èròjà náà, ó fi sínú ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, pé kó bá òun ṣe é. Ìwúkàrà ń wú, ó ń hó, àmọ́ òkú èròjà ló ń ṣe. Oṣù tó kọjá ló tún àṣẹ náà tò, ó ní èyí ni ìgbìyànjú ìkẹyìn.

Lọ́sàn-án yẹn, a da omi ìwúkàrà náà sínú asẹ́ tó yẹ kó gbá ẹ́ńsáìmù mú. A yẹ asẹ́ wò. Òfo ni.

"Da gbogbo ẹ̀ nù, Sixten," Ingegerd wí. "Aago mẹ́ta ti lù, jẹ́ ká lọ mu kọfí."

Mo gbaná jẹ. Ṣebí òun ló ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da omi tó gba asẹ́ kọjá nù láìyẹ̀ ẹ́ wò!

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ o. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ń pariwo mọ́ mi lórí omi ìdọ̀tí yìí, òní lẹ wá ní kí n dà á nù? Ẹ máa lọ mu kọfí yín."

"Alágídí! Ìyàwó ẹ ń gbìyànjú o." Ó jókòó, kò lọ mọ́.

Mo kán díẹ̀ sínú omi àyẹ̀wò, èyí tó máa ń pọ́n bí ìyeyè tí ẹ́ńsáìmù bá ń ṣiṣẹ́. Kí n tó ka ogún, ó ti pọ́n.

Yéè! Orí mi wú. Ẹ́ńsáìmù náà ò lẹ̀ mọ́ asẹ́ ni, ó kàn gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ingegerd bú sẹ́kún. "Ẹ̀ẹ̀kan ò tó ẹ̀rí," ó wí láàárín ẹkún. "A nílò ti ènìyàn ká fi wé e. Ẹ́ńsáìmù yìí wà nínú omijé wa. Gbà á kó tó gbẹ, o tún ń wò mí! Nílé wa, ti Alvar nìkan ni kò ní in."

Mo fi ọ̀pá gíláàsì gba omijé lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo kán an sínú ìgò kejì. Òun náà pọ́n. Mo gbé ìgò méjèèjì sójú fèrèsé. Ìwúkàrà tí kò lójú, tí kò lẹ́nu, ló ṣe ohun tí ara ọmọ ènìyàn ń ṣe yìí! Èmi tí mo ti ń kùn látàárọ̀, ẹ̀rù bà mí, mo ṣí fìlà.

"Èwo ni tèmi?" Ingegerd bi mí.

Mo wò wọ́n títí. "Ọ̀gá, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́."

"Èmi náà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀," ó wí, ó sì tún bú sẹ́kún.