Ààwẹ̀ Rélùwéè

Ọdún tí ó ṣáájú èyí tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí ilẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ní Kàbà. Wọ́n ní mo ń fi ebi pa ìyá ọkọ mi. Èmi Theresa, tí mo ń gúnyán títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le bí awọ! Bí wọ́n bá ní mo ń pariwo jù, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n febi pa arúgbó? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Gbádéyan ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Èmi àti ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, la jọ wà nílé. Yèyé kì í ṣe aláìlera nígbà náà. Á ru iṣu láti oko wálé, á sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní sinmi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí pé n kò gbálẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ mú ju abẹ lọ.

Nígbà tí Lẹ́ńtì kù díẹ̀ kó wọlé, Fọlọ́runṣọ́, ọmọ àdúgbò wa tí òun náà ń gbé Èkó, wá sílé wá sìnkú bàbá rẹ̀. Ó yà kí wa. Yèyé bi í léèrè ọmọ rẹ̀.

"Ara rẹ̀ le koko, Yèyé. Ó ti gba yàrá sí Àgégé. Ó ní kí Theresa máa bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, ó ti wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń tanná alẹ́ ni rélùwéè tún ń gbé e padà."

"Lójoojúmọ́?" ni Yèyé wí.

"Lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ Ìsinmi."

Inú mi dùn débi pé n kò wo ojú Yèyé rárá. Yàrá tí ọkọ mi gbà ni mo ń rò, ibi tí màá gbé ìkòkò mi sí.

Láti ọjọ́ kejì ni Yèyé kò ti fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá tanná. Bí ó bá di alẹ́ náà, ebi á ti kú, á mu ẹ̀kọ díẹ̀, á sùn. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń jẹun bí èèyàn. Lẹ́ńtì dé, mo ní ààwẹ̀ rẹ̀ ló tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwa tí a máa ń yọ́ ẹ̀pà jẹ. Orí mi wú. Ta ni kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun jẹ́ ẹni mímọ́?

Ọjọ́ Àjíǹde pé, a pa adìẹ, Yèyé jẹ ẹ́ teegunteegun. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ̀, ó tì í padà.

"Yèyé, Jésù ti jíǹde o."

"Mo gbọ́."

"Ẹ wá jẹun."

"Ebi ò pa mí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kòtò ọrùn Yèyé wá jin tó ohun tí èèyàn lè fi bu omi. Aṣọ tó ń ró lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá dé odò, àwọn obìnrin á dákẹ́; bí mo bá pọn omi tán, wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ là á mọ́ mi lójú: "Ṣé kí ìyá lè tètè kú ni, kí o lè rójú lọ sí Èkó?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ kèǹgbè mọ́ ọn lórí. Èkó wo ni mo fẹ́ lọ? Báwo ni màá ṣe fi í sílẹ̀ kó dá kú sínú ilé? Mo kọ̀, n kò di ẹrù kankan.

Lọ́jọ́ tí ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ebè iṣu ni mo tó mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti kọjá àwàdà. Mo pọ̀n ọ́n wálé. Kò wúwo, ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní bí kò bá sọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́ fún mi, n kò ní dìde.

"O ò ṣẹ̀ mí," ló wí. "Ní ilé bàbá tèmi, bí ẹni wa bá wà lójú ọ̀nà àjò, a kì í jẹun títí yóò fi gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́runlékè, bàbá ọkọ rẹ, lọ sí Lọ́kọ́ja, ebi ń pa mí. Mo gúnyán, mo jẹ. Ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ níbẹ̀ dojú dé. Mo yó lọ́jọ́ tó kú, Theresa. Mo yó, mo tún sùn lọ́sàn-án."

Ó yí ojú sí ògiri. "Ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi wá ń rìnrìn àjò lójoojúmọ́ ayé."

Ìgbà náà ni ó tó yé mi. Ẹkún àti ẹ̀rín kò mọ èyí tí yóò ṣáájú lẹ́nu mi. Mo ní, "Yèyé, ìyẹn kì í ṣe àjò."

"Ó wọ ọkọ̀ àbí kò wọ̀ ọ́?"

"Ó wọ̀ ọ́."

"Bó bá ti wọ̀ ọ́, fi mí sílẹ̀."

Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Lájídé. Ọ̀nà irin yẹn gan-an ni Bàbá Lájídé ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó kó tó wálé wá dáko. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn rélùwéè, ewúrẹ́ gan-an á sá, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi wá.

"Okun o, Yèyé Gbádéyan."

"Okun o, bàbá. Ẹ jókòó."

Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bí mo ti bẹ̀rù. "Nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ la ojú irin náà, ta ló ka Àgégé sí? Oko obì ni. Ọkọ̀ kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni, ó ń kó ẹrù àti èrò bọ̀ láti òkè wá sí Ìdó. Àjò gidi nìyẹn! Ìyàwó á máa sunkún, ọmọ á máa juwọ́." Yèyé dijú. Mo ń ṣẹ́jú sí bàbá pé kó gé e kúrú, kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Ó pẹ́, Èkó kún. Yàrá di ọ̀wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ bá kó lọ sí Àgégé, wọ́n ń kọ́lé sáàárín obì. Báwo ni wọn yóò ṣe máa dé ibi iṣẹ́? Ni rélùwéè bá ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ tó ń kó wọn láàárọ̀, tó ń kó wọn padà lálẹ́. Láti Àgégé dé Ìdó kò tó àtibí dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀."

Yèyé lajú. "Ta ló ń sìn wọ́n?"

"Ẹ̀n?"

"Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀ láàárọ̀. Ta ló ń sìn wọ́n dé ibẹ̀?"

Bàbá Lájídé bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò sìn wọ́n, Yèyé? Oorun ni ìyàwó ń sùn!"

"Ẹrù wo ni wọ́n ń dì?"

"Abọ́ oúnjẹ ọ̀sán."

"Ṣé wọn kì í gbàdúrà nínú ọkọ̀ náà?"

"Wọ́n ń hanrun ni. Àwọn tí kò sùn ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Èmi alára, ìgbà mélòó ni wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ jí mi ní Ìdó!"

Yèyé dìde jókòó. Ó wo bàbá, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í le bí ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹni tí wọn kò sìn, tí kò di ẹrù, tó ń hanrun lójú ọ̀nà," ló wí, "ìyẹn ń rìnrìn àjò? Oko ló ń lọ! Oko ni Gbádéyan ń lọ tó ń bọ̀! Ìgbà wo ni mo gbààwẹ̀ fún aroko rí?"

Bó ṣe dojú ìbínú kọ wá nìyẹn. Ó ní Fọlọ́runṣọ́ kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ní èmi tí mo lẹ́nu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, n kò lè fi ẹnu náà bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ó bú mi dáadáa, ó bú mi délé bàbá mi, ara sì ń tù mí bí ẹni pé wọ́n ń wọ́n omi tútù sí mi láyà. Mo sáré wọ ilé ìdáná.

Ọ̀sán gangan ni mo gbé iyán kalẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti ẹran ìgbẹ́. Ó fọwọ́, ó bu òkèlè, ó rún un mọ́ ọbẹ̀. Kí ó tó dé ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Theresa, níbo ni ó wà báyìí?"

"Ibi iṣẹ́ ni, Yèyé. Ó ti dé ibẹ̀ tipẹ́."

"Òun náà ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, Yèyé. Ọ̀sán ti pọ́n. Wọ́n ti ṣí abọ́."

Ó gbé òkèlè náà mì. Ó tún bu òmíràn, ó sì ní kí n fọwọ́ kí n wá bá òun jẹ ẹ́.