Gílóòbù Funfun Méjì

Jarkko na ìka sí ara ògiri níbi tí iná ọkọ̀ náà tàn sí. "Bàbá, ẹ wo bó ṣe ga tó. Ojú títì kọ́ ni iná yìí ń wò, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló ń wò."

Oiva Heikura wo ògiri. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan ló rí, ó tàn kálẹ̀, kò lórí, kò nídìí. "Mo rí i," ló wí.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní ìgboro ni wọ́n wà, Jarkko sì ni ayẹ̀kọ̀wò. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni, òkùnkùn ti ń kó bọ̀. Ọdọọdún ni Oiva ń gbé ọkọ̀ pupa rẹ̀ wá síbí, kò sì sí ọdún tí wọ́n dá a padà rí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ohun tó mú kí ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì sí i ju ilé lọ ni Aune, ìyàwó rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà ní ìgboro yìí ló wà. Tí nọ́ọ̀sì bá gbé ṣíbí sún mọ́ ọn, yóò pa ẹnu dé pinpin. Ọwọ́ Oiva nìkan ló ti ń gba oúnjẹ, ní agogo méjì tí gbogbo ilé náà ń mu kọfí. Kìlómítà mẹ́tàlélógójì ni láti Hietavaara, abúlé wọn, Oiva kì í sì í pa ọjọ́ kan jẹ.

Outi, ọmọ wọn obìnrin, ló ra àwọn gílóòbù náà fún un ní oṣù tó kọjá, lọ́jọ́ àwọn bàbá. Oiva ti ń ṣàròyé pé iná àtijọ́ ti ń kú, pé òun kì í rí etí títì mọ́. Outi ò bá a jiyàn. Ó wá láti ìlú Oulu lọ́nà jíjìn, ó fi wọ́n síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó mu kọfí, ó lọ.

"Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ báyìí," Jarkko wí. "Gílóòbù àtijọ́ ni wọ́n ṣe ojú iná yìí fún. Ṣé ẹ ò tíì dà wọ́n nù?"

Dà nù kẹ̀? Oiva kì í da nǹkan nù. Ó yọ wọ́n jáde láti inú dáṣíbọ́ọ̀dù, Jarkko sì dá wọn padà sáyè wọn. Ó fi ẹ̀rọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò sóhun tó ṣe iná yìí o. Bó ṣe wà nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní tuntun náà ló wà."

"Kì í tàn."

"Bàbá, ó ń tàn."

"Ta ló ń wà á, Jarkko, èmi àbí ìwọ?"

Jarkko nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ẹ má bínú. Ohun tí mò ń rò ni pé tí a bá yọ àwọn funfun yẹn, báwo làwọn onígi á ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ̀?" Bó ti sọ ọ́ tán ló wolẹ̀.

"Onígi wo?"

"Seppo. Àtàwọn yòókù tó ń wa agbégilódò." Oiva ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Outi ló pè wá. Ó ní tá a bá ti rí iná funfun lójú ọ̀nà Hietavaara, ká yà sí ibùdókọ̀, ká jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Kò sẹ́ni tó kọ̀. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé gan-an ń yà."

Oiva ti rí wọn lóòótọ́, òjìji ńláńlá tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó tiẹ̀ ti sọ fún Aune pé àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí mọ ọ̀wọ̀ àgbà.

Báyìí la ṣe ń ṣe níbí. Tí ojú ọkùnrin kan bá ń fọ́, a ò ní sọ fún un. A ó kúrò lọ́nà fún un, a ó sì máa kí i ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé kò sí nǹkan. Sùúrù là ń pè é. Èmi náà wà lára àwọn tó ń yà.

Jarkko fọwọ́ sí ìwé, ó ní ọkọ̀ ti yege. Oiva ká ìwé náà sápò, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Outi á wá gbé e."

Ó fẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó pe Outi bó ṣe ń lọ.

"Bàámi, ṣé ọkọ̀ yege?"

"Ó yege. Ojú mi ni kò yege, àbí?"

"Ó ti tó ọdún méjì, Bàámi."

"O ò sì sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ, ẹ ò ní wakọ̀ mọ́. Tẹ́ ò bá wakọ̀, ta ló máa fún Màámi lóúnjẹ? Èmi tí mo wà ní Oulu?" Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

"Àwọn ọmọdé ló wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, Outi."

"Màá wá gbé yín lálẹ́ òní," Outi wí. " Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo lè máa wá."

Oiva pa fóònù. Inú ń bí i sí ọmọ náà, inú ń bí i gan-an, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ká ní òun ni Outi, bóun náà ì bá ṣe ṣe é nìyẹn.

Aune wà lórí àga rẹ̀. Oiva bu búrẹ́dì dídùn sínú kọfí, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ìdajì ẹyọ kan lobìnrin náà máa ń jẹ, yóò sì yí orí kúrò. Ó yí i kúrò.

"Ó dọ̀la," ó wí pẹ̀lú ahọ́n tó wúwo.

"Ó di ọjọ́ Àìkú," Oiva wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wà. Aune gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sórí tábìlì, ó ń tẹ ìka mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Oiva ti to àlàyé jọ sẹ́nu, nípa ojú, nípa bọ́ọ̀sì. Aune ò bi í léèrè. Ó fa àwo búrẹ́dì náà mọ́ra, ó sì la ẹnu.

Ó jẹ ìdajì tó kù. Ó jẹ ẹyọ kejì. Ó ń gbé e mì tipátipá, ó sì tún ń la ẹnu. Oiva ń bù ú fún un, kò lè wò ó lójú.