Ońdè Inú Gíláàsì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ará Inísà kò mọ ìrìnàjò, ẹ ní kó wá bá Bọ́sẹ̀dé aláṣọ ní ọjà Ìkìrun. Èmi ni. N ó fún un ní àga, n ó sì kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa fi rìn dé Gòólù Kóòsì, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa pè é ní Gánà. Wọ́n ru aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ lórí gba ilẹ̀ Dàhòmì kọjá, wọ́n kọ́lé sí Támálè àti Yẹ́ńdì, àwọn onílẹ̀ sì ń dúró de ọjà wọn. Bàbá tèmi wà nínú wọn. Àkànjí Ṣàngówálé lorúkọ wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ pè é dáadáa.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ nígbà tí bàbá mi lọ. Mo ti di ọmọge kí ìròyìn tó dé pé wọ́n kú sí Yẹ́ńdì. Ẹni tó mú ìròyìn náà wá ní ká má dààmú, pé Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ọ̀rẹ́ wọn, ti gé irun wọn àti èékánná wọn, ó sì ń mú un bọ̀ wálé. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wá, irun àti èékánná rẹ̀ la ó sin sí ilé bàbá rẹ̀, a ó sì ṣe òkú náà bí ẹni pé gbogbo ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn mú Ọmọ́ṣẹ̀yìndé lọ́nà. Nígbà tó fi máa dé Inísà, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ìyá mi lọ béèrè nílé rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí irun kankan.

Báyìí ni ìyá mi, Àpèkẹ́ ọmọ Òkukù, ṣe wà láìṣe opó, láìfẹ́ ọkọ mìíràn. Ta ni yóò ṣe opó ẹni tí a kò sin? Àwọn obìnrin ilé wa á máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Àkànjí kò kú rárá, pé ó ti fẹ́yàwó sọ́hùn-ún, ó ti sọ ilé nù. Mo ti bá ènìyàn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní tiwọn kì í jà. Wọn á kàn ní, "Ọkọ mi ò sọ ilé nù." Ara wọn ti ń di ara àgbà, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí wọ́n fojú rí sàréè ọkọ wọn nínú agboolé wa kí àwọn náà tó lọ.

Ní ọdún kẹta tí a gba òmìnira, tíṣà kan tó ń jẹ́ Dúródọlá ti ìrìnàjò dé, ó sì gbé ọ̀rọ̀ mùsíọ̀mù dé Inísà. Ó ní ilé kan ni, tí wọ́n ti ń kó ohun àtijọ́ jọ kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí àwọn baba wọn rìn dé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wá fún un ní yàrá kan ní iléèwé. Ó ń lọ láti agboolé dé agboolé, ó ń tọrọ ohunkóhun tí àwọn ará Gòólù Kóòsì bá kó dé.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, mo ti ìsọ̀ mi pa. Mo wé gèlè tó ga débi pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn mi nínú mọ́tò ń kùn títí a fi dé Inísà. Mo bá ìyá mi nílé, wọn ò tilẹ̀ tíì múra.

Ìyá mi ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ẹrù àwọn tí ọkọ tiwọn dé?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn. Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde. Ọkọ yín náà rin ọ̀nà yẹn."

Ẹ ò bá rí yàrá náà! Orí mi wú. Dúródọlá ya ọ̀nà Gòólù Kóòsì sára ògiri, ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà láti Inísà gba Ìlọrin lọ, títí dé Támálè. Fọ́tò àwọn ọkùnrin wa wà níbẹ̀, wọ́n to ara wọn síwájú ilé alámọ̀, olúkúlùkù wọn gbé àyà síta bí ẹni tó ni ayé. Abọ́ tánganran wà níbẹ̀, bàtà aláwọ wà níbẹ̀, àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. Gbogbo ẹni tó bá dúró tì mí ni mo ń sọ fún pé bàbá mi rin ìlà pupa yẹn tán. Àwọn kan tilẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárín yàrá, àpótí onígíláàsì kan wà lórí tábìlì. Ìdì aṣọ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n fi òwú rán an pa yíká. Mo ka ohun tí Dúródọlá kọ síwájú rẹ̀ fún ìyá mi: "Ońdè tí àwọn baba wa ń so mọ́ra kí ewu ọ̀nà má bàa wu wọ́n. Láti ilé Ọmọ́ṣẹ̀yìndé."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí imú wọn fi kan gíláàsì. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n nàró, wọ́n ní, "Tíṣà, gbé e wá fún mi."

"Ẹ máa bínú, Ìyá," Dúródọlá dáhùn. "Mùsíọ̀mù ni. Wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan ní mùsíọ̀mù."

"Aṣọ mi ni."

Ìyá mi nawọ́ sí etí ìdì náà. "Èmi ni mo hun kíjìpá yìí fún ọkọ mi kí wọ́n tó lọ. Òwú aró mi tán, mo bá fi òwú pupa tí ìyá mi fún mi ní Òkukù parí etí rẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ọkọ mi pé n kò mọ aṣọ hun. Ẹ wo òwú pupa náà."

Mo wò ó. Òwú pupa wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti ṣá.

Àjíṣafẹ́, ọmọ Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, wà láàárín wa. Díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Ó sún mọ́ wa. "Ìyá, inú àpótí irin bàbá mi la ti bá a. Ìyá wa ní oògùn ni, ká má fọwọ́ kàn án. Àwa sì ti gba ìgbàgbọ́. Orí àjà la gbé àpótí náà sí. Nígbà tí tíṣà dé tó ń béèrè ẹrù àtijọ́, inú wa dùn pé ó máa kúrò nílé."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo ní, "Díákónì, a kú oríire! Ohun tó ń bà yín lẹ́rù nílé yín ni ẹ gbé fún àwọn ọmọ iléèwé láti máa wò?"

Ìyá mi ní, "Bọ́sẹ̀dé, panu mọ́." Mo panu mọ́.

Obìnrin kan láti ilé wa, Àmọ̀kẹ́, sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn. "Aṣọ lè jọ aṣọ o. Bó bá wá jẹ́ ońdè lóòótọ́ ńkọ́? Ta ló máa tú u?"

Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn, n kò ní purọ́. Ojú gbogbo ìlú wà lára wa. Bí ìyá mi bá tú u, tó wá jẹ́ pé ewé àti egbò ló wà nínú rẹ̀, kò tún ní sí ohun tí wọn yóò máa retí mọ́ láyé yìí. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní ká máa lọ sílé.

"Bó bá jẹ́ ońdè, kó mú mi," ni ìyá mi wí. "Mo ti pẹ́ tó."

Dúródọlá wo Àjíṣafẹ́, Àjíṣafẹ́ mi orí pé kó ṣí i. Tíṣà ṣí gíláàsì náà fúnra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdì náà fún ìyá mi. Ìyá mi fi eyín já òwú rẹ̀.

Aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀. Inú aṣọ funfun náà ni irun wà, dúdú àti funfun pọ̀ mọ́ra, àti èékánná. Ìyá mi ń fi ìka yà wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá mú ọ̀kan, wọ́n gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Èékánná àtàǹpàkò ni, ó là láàárín láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Wọ́n ní, "Àdá ló là á, nígbà tí wọ́n ń ṣán oko àgbàdo. Èmi ni mo di ọgbẹ́ náà. Èékánná yẹn ò hù pọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ."

N kò tíì fọwọ́ kan bàbá mi rí tí mo lè rántí. Mo sunkún níbẹ̀ tèmi ti gèlè mi.

Àjíṣafẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. "Ìyá, ẹ foríjì wá. Wọ́n dé, àwa la ò mọ̀."

"Dìde," ni ìyá mi wí. "Bàbá rẹ ń ṣàìsàn, ó sì tún ru ọkọ mi wálé. Irú ọ̀rẹ́ wo ló tún kù?" Wọ́n yíjú sí gbogbo yàrá. "Ṣé ẹ rí i? Ọkọ mi ò sọ ilé nù."

Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀. Dúródọlá fa bébà tó kọ ońdè sí ya, ó sì bi mí ní orúkọ bàbá mi ní kíkún. Mo pè é fún un sókè dáadáa, kí àwọn tó wà lóde náà lè gbọ́.

Ìyá mi di irun àti èékánná náà padà, wọ́n gbé ìdì náà lé mi lọ́wọ́. "Gbé bàbá rẹ, máa lọ níwájú."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kí ẹ gbé wọn?"

"N kò rìn ṣáájú wọn rí. Máa lọ."

Mo lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìn iléèwé ló yá jù, ṣùgbọ́n ojú ọjà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gbà. Mo rọra ń gbẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń tajà dìde, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó tẹ̀lé wa sì ń dáhùn pé Àkànjí ló dé láti Yẹ́ńdì. Àjíṣafẹ́ ti sáré lọ gbé àpótí irin bàbá rẹ̀ nílé, ó rù ú lórí, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá mi wà lẹ́yìn mi gan-an, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.

A dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi. Mo ti fẹ́ wọlé nígbà tí ìyá mi ní, "Dúró níbẹ̀." Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ọmọdé, wọ́n wọlé, mo gbọ́ ìró igbá lẹ́nu àmù. Wọ́n jáde pẹ̀lú omi tútù, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú mi lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níṣojú gbogbo ìlú. Mo fẹ́ sá sẹ́yìn, àfi ìgbà tí mo rántí pé èmi kọ́ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Bọ́sẹ̀dé," ni ìyá mi wí. "Ẹ kú ìrìn. Omi rè é."

Mo fi ọwọ́ kan gbá bàbá mi mọ́ àyà, mo fi èkejì gba igbá náà, mo sì bá wọn mu ún tán.