Wọ́n Yọ Ohun Tó Ń Pa Iná

Bísí, gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Èmi àti ìró tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi wà nínú ẹ̀rọ tí alágbàfọ̀ wa fi ń gbẹ aṣọ, à ń yí bírí. Mo wá tẹmosítáàtì tó yẹ kó pa iná bí ooru bá ti tó. Wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n so wáyà méjèèjì pọ̀!

Alágbàfọ̀ yọjú, ó ti di adájọ́. "Ẹ ní sùúrù, mà. Ẹ̀rọ ló ṣe é."

"Irọ́! Ṣé ẹ̀rọ ló yọ ọ́ ni, àbí ìwọ?"

Ìró ń rú èéfín. Mo ń fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn títí mo fi jí.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ìró náà wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ lóòótọ́. Mò ń lọ gbà á báyìí. Bó bá ṣì tutù, màá sá a sóòrùn.